Bọ́tìnnì tí Kò Dáhùn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọpinpin Àbùkù Bọ́tìnnì Àkànṣe lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìdúmọ̀tà, ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ síbẹ̀, tí mo sì bá a lọ. Ẹjọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ti yọ ètò ìpìlẹ̀ tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé ìtajà kúrò, ó sì ti fi Linux rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń mú ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ kò ti dáhùn mọ́. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹni tí kò bá lè dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kù kò ní pẹ́ tí bátìrì rẹ̀ yóò fi tán. Ìbéèrè ìdánwò ìparí sáà ni ó sì wà lórí ẹ̀rọ náà, tí kò tíì parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ìsọ̀ náà tẹ bọ́tìnnì kìíní lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ èkejì, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì yín ti kú. Àtẹ tuntun ni ẹ máa rà." Ó dárúkọ iye owó kan. Ọ̀rẹ́ mi káwọ́ lérí. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó kú?" Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọdé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Kí ni wọ́n tún ń pè ní ikú?"

Bọ́tìnnì náà kò kú. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́; ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti lọ ra àtẹ tuntun ni, owó rẹ̀ ìbá wọgbó, àtẹ tuntun náà ìbá sì "kú" ní ọjọ́ tí a gbé e dé orí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé n kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Èdè tí àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè fi lé e lọ́wọ́ ni ó kùnà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí nì "kú", ni ó ní fún àbùkù mẹ́rin tí ìwòsàn wọn kò jọra. Oníṣègùn tí ó bá ń pe ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti egbò ní orúkọ kan náà, oògùn kan náà ni yóò máa bù fún gbogbo wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé kí onítọ̀hún lọ kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ní irú ìsọ̀ yìí fún wákàtí kan. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, Yorùbá ni oníbàárà fi ń rojọ́, Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ń ná owó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ kò ju orúkọ ohun èlò lọ. Ìrònú tí ó so ohun èlò kan pọ̀ mọ́ èkejì, inú Yorùbá ni ó ti ń wáyé. Ibi ìrònú yìí ni ọ̀rọ̀-ìperí wa gbọ́dọ̀ dé.

2.0 Ohun tí a jogún

Kì í ṣe òní ni Erékùṣù Èkó ti ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti lẹ́tà wọ̀yá ìjà. Ní àwọn ọdún 1920, ìwé ìròyìn Yorùbá bí Èkó Àkéte, Elétí-Ọfẹ àti Akéde Èkó ń jáde ní Èkó. Inú Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde láti 1929 sí 1930. Àwọn tí wọ́n to lẹ́tà fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti mọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pé ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe lẹ́tà tí àpótí òyìnbó máa ń mú wá fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì àkànṣe ni wọ́n ń wá, bí kò tilẹ̀ tíì ní orúkọ náà nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí pẹ̀lú pé àdúgbò tí a ń wí yìí kò ní ìtìjú nípa ọ̀rọ̀ àyálò. Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, àti Ìdúngànràn tí a fi ń pe ìgà Ọba Èkó, èdè Ẹ̀dó ni a ti ń tọpa ìpìlẹ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá mú frejon dé, a sì ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́ Jímọ̀ Rere láìbéèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní kí á lé "bọ́tìnnì" jáde kúrò nínú Yorùbá nítorí pé àlejò ni, kí ó kọ́kọ́ wá orúkọ mìíràn fún Ìdúmọ̀tà.

Ní ti iṣẹ́ àwọn aṣáájú wa, ìwé ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dojú kọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáradára tó bẹ́ẹ̀ tí "ọ̀rọ̀-ìṣe" àti "àpólà" fi dà bí ọ̀rọ̀ tí Odùduwà bá wá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò sí nínú ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, ẹ̀bi wọn sì kọ́.

Ọ̀nà tí mo gbà níbí rọrùn. Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ. Bí ohun tí wọ́n ń sọ bá ya ohun méjì tí ó yàtọ̀ sọ́tọ̀ dáadáa, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yà wọ́n, mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ tí a lè fún ní iṣẹ́ tuntun. Bí èyí náà kò bá sí, mo yá ọ̀rọ̀.

3.0 Ìrìn-àjò ìtẹ̀ kan

Kí a tó lè fún àbùkù lórúkọ, a ní láti mọ ọ̀nà tí ìtẹ̀ ń gbà láti abẹ́ ìka dé ibi iṣẹ́. Ọ̀nà náà gùn ju bí ojú ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Mo ti rí i nínú ìtumọ̀ kan tí wọ́n pè é ní "kọ́kọ́rọ́". Àṣìṣe gbáà ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi orúkọ kan náà pe ohun tí a fi ń ṣí ìlẹ̀kùn àti ohun tí a ń tẹ̀ lórí àtẹ. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí tí a ó fi yá àìlọ́rọ̀ ẹlòmíràn lò. Bọ́tìnnì ni gbogbo ìsọ̀ ń wí, bọ́tìnnì náà ni a ó sì máa wí. Ibi tí a to wọ́n sí ni "àtẹ bọ́tìnnì". Ẹni tí ó bá ti gba ọjà Jánkárà kọjá mọ ohun tí àtẹ jẹ́: ibi tí a to nǹkan sí kí ọwọ́ lè tètè tó o. "Bọ́tìnnì àkànṣe" ni a ó máa pe àwọn tí kì í kọ lẹ́tà bí kò ṣe pé wọ́n ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́: èyí tí ó ń mú ohùn lọ sókè, èyí tí ó ń pa á, èyí tí ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, èyí tí ó ń ti Wáífáì. Bọ́tìnnì Fn, tí a máa ń tẹ̀ mọ́ òmíràn kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yí padà, mo pè é ní "bọ́tìnnì ayíṣẹ́padà". Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń ṣọ́ àtẹ ni ó ń gbọ́ ti ayíṣẹ́padà yìí, kì í sì í fi tó ẹnikẹ́ni létí nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá ń wá ipa rẹ̀ nínú Linux fi lè wá a tì láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ kékeré inú àtẹ yóò fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó yan nọ́ńbà yìí. Fún àwọn bọ́tìnnì àkànṣe, ti ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ kejì. Mo pè é ní "nọ́ńbà ìtẹ̀". Inú ètò ìpìlẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a ó pè ní "alárinà". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ni a ti rí tí wọ́n tú sí "awakọ̀", tí ẹ̀rín fi pa mí nítorí pé mo ń wo ibi tí ó páàkì sí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kí ó wa nǹkan kan. Ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ, ó gbọ́ èdè ètò, ó ń bá àwọn méjèèjì sọ ọ́. Bí alárinà ti ń ṣe láàárín ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó nìyẹn gan-an.

Alárinà yìí ń gbé inú ohun tí ó ṣòro jù fún mi láti sọ lórúkọ. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní 1991 fi ìwà jọ Unix, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. A sì máa ń fi àkàwé kan sọ ọ́, pé ètò ní ohun líle kan ní àárín àti èèpo kan tí ó yí i ká, bí inú ẹyìn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní sọ "èkùrọ́" lójú ẹsẹ̀? Mo ti sọ ọ́ rí nínú kíláàsì. Àkàwé náà pé, èèpo sì wà níbẹ̀ tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò ní ìsọ̀ náà, tí mo ní "èkùrọ́ ẹ̀rọ yín kò mọ bọ́tìnnì yìí", ẹ̀rín ni wọ́n rín títí. Ọ̀kan bi mí bóyá àdí ni kí òun lọ fi sè. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà tí ó yẹ kí ó máa ronú kò tíì ṣe é lò. Mo yá "kánẹ́ẹ̀lì", bí a ti yá "fóníìmù" nígbà kan tí ọ̀run kò sì wó. Bí ẹlòmíràn bá lè mú èkùrọ́ gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èmi kò ní bá a jà.

Kánẹ́ẹ̀lì ní ìwé orúkọ. Ó ń wo nọ́ńbà ìtẹ̀ tí ó wọlé, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà mìíràn tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò. Èyí ni mo pè ní "nọ́ńbà bọ́tìnnì". Nínú ìwé yìí, 113 ni ó ń pa ohùn, 114 ń mú un wálẹ̀, 115 ń mú un lọ sókè. 224 ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, 225 ń fi kún un. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé "gbàgede iṣẹ́", ojú ibi tí a ń rí àwọn fèrèsé àti àwòrán lórí ẹ̀rọ. Lórí gbàgede tí ó bá ń lo ètò X, a óò fi 8 kún nọ́ńbà náà, nítorí pé X kò lo nọ́ńbà tí ó kéré sí 8. 225 yóò wá di 233. Ẹ̀yìn èyí ni bọ́tìnnì gba "orúkọ bọ́tìnnì", fún àpẹẹrẹ XF86MonBrightnessUp. Orúkọ ni gbàgede mọ̀. Orúkọ ni ó sì ń yan iṣẹ́ fún.

Òǹkàwé yóò rí i pé ohun mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀: nọ́ńbà ìtẹ̀, nọ́ńbà bọ́tìnnì, orúkọ bọ́tìnnì. Mo ti rí ìtumọ̀ tí ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "kóòdù". Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ìrànlọ́wọ́ kankan, nítorí pé àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an ni àbùkù máa ń fara pamọ́ sí.

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a. X kò lè gba nọ́ńbà tí ó ju 255 lọ. Nọ́ńbà bọ́tìnnì tí ń pa makirofóònù ni 248. Bí a bá fi 8 kún un, ó di 256, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn tí ń tọ́jú ètò náà wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n fi nọ́ńbà F20, èyí tí kì í sí lórí àtẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣojú fún un. Bí olùtúmọ̀ bá rí F20 nínú ìwé ìtọ́nà tí ó sì ń wá a lórí àtẹ, kí ó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú.

4.0 Orúkọ fún àbùkù mẹ́rin

Bí a bá ti mọ ọ̀nà, a lè béèrè ibi tí ìtẹ̀ gbé sọnù.

Ó lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ kúrò lórí àtẹ. A tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ìtẹ̀ kankan kò jáde. Bọ́tìnnì yìí ni mo pè ní "adákẹ́". Òun nìkan ni ó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ikú ní Ìdúmọ̀tà, òun nìkan ni àtẹ tuntun sì lè jẹ́ oògùn fún. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ kan wà. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹ̀rọ kékeré inú wọn ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsọ fún kánẹ́ẹ̀lì. Bọ́tìnnì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò sì lọ sókè. "Adákẹ́ṣiṣẹ́" ni èyí, kò sì ṣàìsàn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo "odi" dípò adákẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé yóò dàrú mọ́ bọ́tìnnì tí ń pa ohùn, tí àwọn kan ti ń pè ní odi. Fún ìyẹn mo dábàá "apanumọ́": kì í ṣe òun ni kò lè sọ̀rọ̀, òun ni ó ń pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́.

Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ìtẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwé orúkọ kánẹ́ẹ̀lì. Èyí ni "bọ́tìnnì àjèjì". Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ó lè jẹ́ pé kánẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n, tí ó sì ní orúkọ, ṣùgbọ́n tí gbàgede kò yan iṣẹ́ kankan fún orúkọ náà. "Bọ́tìnnì aláìníṣẹ́" ni a ó máa pè é. Èyí wọ́pọ̀ lórí àwọn gbàgede kéékèèké tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ìwòsàn rẹ̀ sì rọrùn: a óò ṣí ibi tí a ti ń ṣètò bọ́tìnnì nínú gbàgede, a óò sì fún un níṣẹ́.

Ó sì lè jẹ́ pé ohun gbogbo lọ déédéé, tí gbàgede gba iṣẹ́ náà rán, ṣùgbọ́n tí ohun tí a rán an sí kò gbọ́. Àwòrán kékeré yóò yọ lójú ẹ̀rọ pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ sókè, ojú ẹ̀rọ kò sì ní yí padà. Níhìn-ín, n kò fún bọ́tìnnì lórúkọ rárá, nítorí pé bọ́tìnnì ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Iṣẹ́ ni a fún lórúkọ: "iṣẹ́ àṣetì". Ẹ̀hun ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo wa; "mo ṣe é tì" ni a máa ń wí nígbà tí a ti gbìyànjú tí kò bọ́ sí i.

5.0 Ìtọpinpin lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi

A gba kọ̀ǹpútà náà padà láì ra àtẹ, a sì jókòó tì í lórí àga onígi kan níwájú ìsọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn wa.

Nínú fèrèsé àṣẹ, a kọ: sudo evtest. Ètò yìí ń to gbogbo ohun tí ó lè fi ìtẹ̀ ránṣẹ́, ó sì ń béèrè èyí tí a fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. A yan AT Translated Set 2 keyboard, èyí tí ó jẹ́ àtẹ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. A tẹ lẹ́tà a: ìlà MSC_SCAN jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìtẹ̀, ìlà KEY_A sì tẹ̀ lé e. A wá tẹ bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀. MSC_SCAN jáde, ó mú ee lọ́wọ́; ìlà KEY kankan kò tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Há, ó ń sọ̀rọ̀!" Nínú gbólóhùn yẹn ni ọ̀rọ̀ ikú ti parí.

Bí nǹkan kan kò bá jáde rárá ńkọ́? Kí á má tíì pè é ní adákẹ́. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, bọ́tìnnì àkànṣe kì í gba orí àtẹ kọjá. A lè rí i lábẹ́ Video Bus tàbí lábẹ́ alárinà tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ó di ìgbà tí a bá ti gbọ́ ti gbogbo wọn tán kí a tó sọ pé bọ́tìnnì dákẹ́.

A kọ: sudo dmesg, èyí tí ń fi ìwé àkọsílẹ̀ kánẹ́ẹ̀lì hàn wá. Nísàlẹ̀ pátápátá ni kánẹ́ẹ̀lì ti kọ ọ́ pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan tí òun kò mọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0xee. Ó sì sọ ohun tí a lè fi ṣe é: setkeycodes e06e, kí á sì fi nọ́ńbà bọ́tìnnì tì í lẹ́yìn. Ohun tí ó wù mí jù lọ nípa ètò yìí nìyí: àjèjì ni ó pè é, kò pè é ní òkú. Èdè tí àwọn tí ó kọ kánẹ́ẹ̀lì lò ti ya ohun tí èdè ìsọ̀ wa kò tíì yà.

A kọ: sudo setkeycodes e06e 225. A tẹ bọ́tìnnì náà, ojú ẹ̀rọ sì mọ́lẹ̀ sí i. Ìkejì ń mú ef wá, nítorí náà a kọ e06f 224, òun náà sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìsọlórúkọ yìí kì í pẹ́: bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún tàn án, kánẹ́ẹ̀lì yóò ti gbàgbé. Kí ó tó lè dúró, a ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kan nínú àpò /etc/udev/hwdb.d/, irú bí 90-custom-keyboard.hwdb. Ìlà kìíní nínú rẹ̀ ń sọ irú ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú evdev:atkbd:dmi:. Àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni KEYBOARD_KEY_ee=brightnessup àti KEYBOARD_KEY_ef=brightnessdown. Kí á fi àlàfo kan síwájú àwọn ìlà wọ̀nyí. Bí kò bá sí àlàfo náà, ètò kò ní kà wọ́n mọ́ ìlà kìíní. Wákàtí kan gbáko ni àlàfo yìí gbà lọ́wọ́ wa, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi ni ìyà náà jẹ kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, a kọ sudo systemd-hwdb update, a sì fi sudo udevadm trigger tì í lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó tẹ bọ́tìnnì, ó rẹ́rìn-ín.

Ká ní iṣẹ́ àṣetì ni, ibòmíràn ni à bá wò. Nínú /sys/class/backlight/ ni àpò wà fún ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ìwé méjì sì wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí á mọ̀: brightness, tí ó ń sọ iye tí ìmọ́lẹ̀ wà, àti max_brightness, tí ó ń sọ ibi tí ó lè dé. Bí nọ́ńbà brightness bá ń yí padà nígbà tí a ń tẹ bọ́tìnnì tí ojú ẹ̀rọ kò sì yí padà, alárinà tí kò tọ́ ni kánẹ́ẹ̀lì yàn. A lè pàṣẹ fún kánẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí pé kí ó yan òmíràn: acpi_backlight=native, tàbí video, tàbí vendor.

Ti Wáífáì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àṣẹ rfkill list yóò sọ irú ìdènà tí ó wà. Oríṣi méjì ni, Gẹ̀ẹ́sì sì pe ọ̀kan ní rírọ̀, ó pe èkejì ní líle. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ìdènà kò rọ̀ kò sì le. Ibi tí ó ti wá ni ó yàtọ̀. "Ìdènà àṣẹ" ni èyí tí ètò gbé kalẹ̀, tí àṣẹ rfkill unblock wifi sì lè gbé kúrò. "Ìdènà ẹ̀rọ" ni èyí tí bọ́tìnnì tàbí ìtannásí kan lára ẹ̀rọ gbé kalẹ̀. Àṣẹ kò lè gbé e, ọwọ́ ni yóò gbé e.

6.0 Ohun tí ó kù

Iṣẹ́ kan ṣì wà tí ó kan àwa olùkọ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ti ń yọ̀ bi mí pé, àwọn bọ́tìnnì ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ńkọ́? Nínú àkójọ àtẹ tí Linux máa ń mú wá, ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, ti Yorùbá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí gbàgede X, àṣẹ setxkbmap -layout ng -variant yoruba ni yóò gbé e jáde. Lójú ìrìn-àjò tí a ti ṣàlàyé, ẹ ó rí i pé kò sí nọ́ńbà ìtẹ̀ kan tí ó yí padà níhìn-ín, kò sì sí nọ́ńbà bọ́tìnnì kan tí ó yí padà. Orúkọ nìkan ni a pààrọ̀. Ìdí nìyí tí àtẹ Yorùbá kò fi nílò ẹ̀rọ tuntun, bí àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ fẹ́ kí á gbà bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù wà nínú lẹ́tà fúnra wọn. Unicode ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ, òmíràn fún é, ṣùgbọ́n kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́. A ní láti kọ ẹ kí á sì gbé àmì ohùn òkè lé e lórí, ohun méjì tí yóò dà bí ọ̀kan lójú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan nínú àwọn ètò ìkọ̀wé kan, àmì ohùn ni yóò lọ, ẹ yóò sì dúró. Kì í ṣe àbùkù bọ́tìnnì, n kò sì tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì AltGr, tí ó ń ṣí ojú kẹta lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan: "ayíṣẹ́padà" kò bá a mu, nítorí pé lẹ́tà ni ó ń yí, kì í ṣe iṣẹ́. "Ayílẹ́tàpadà" ni mo ń lò nínú kíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Mo bẹ àwọn òǹkàwé tí wọ́n bá ní èyí tí ó sàn jù kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Mo padà lọ sí ìsọ̀ náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti mọ èyí tí ó gbilẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wọlé, mo sì gbọ́ tí ó ní, "Ẹ má ra nǹkan kan, mà. Bọ́tìnnì yín kò kú, àjèjì ni." "Aláìníṣẹ́" náà ti di tirẹ̀. "Kánẹ́ẹ̀lì" wà lẹ́nu rẹ̀ láìsí wàhálà. "Alárinà" ni kò gbà. Ó ní àwọn oníbàárà ń rò pé ènìyàn kan wà láàárín tí ó fẹ́ gba owó. Ní ti "adákẹ́", ó ti sọ ọ́ di "odi", láìbìkítà fún gbogbo àlàyé mi nípa apanumọ́. Mo bi í pé ṣé kì í dàrú mọ́ bọ́tìnnì ohùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń pa ohùn, orúkọ tí ẹ fún un náà ni mò ń pè é. Kò wá sí ohun tó máa dàrú mọ́."

Nínú àtòjọ tí a ń kó jọ ní ẹ̀ka wa, "odi" ni mo ti wá kọ sílẹ̀ fún un.